Ìgbómìnà: Àwọn Ará Òkè Láàrin Àwọn Ìjọba Ńlá

Ìlú Àrándùn kì í ṣe ìlú tí a sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé ìtàn. Ó wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní àdúgbò Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí òkè àti àfonífojì gbé ń tẹ̀lé ara wọn. Bí a bá ṣí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, a ó ka nípa Ọ̀yọ́ àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, nípa Tápà àti àwọn Etsu rẹ̀, nípa Ìlọrin àti àwọn Ẹ́mírì rẹ̀, nípa Ìbàdàn àti àwọn Balógun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Ìgbómìnà, ohun tí a sábà máa ń kà ni pé ọba báyìí kó ogun lọ síbẹ̀, tàbí pé balógun báyìí fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò ní ìtàn kan tí í ṣe tirẹ̀, àfi ìtàn àwọn tí ó wá jẹ gàba lé e lórí.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ilẹ̀ yìí bi ara rẹ̀. Báwo ni àwọn ènìyàn tí kò ní olú-ìlú kan ṣoṣo, tí kò ní ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin, tí ìjọba ńlá mẹ́rin sì ti ń dù láti ìgbà dé ìgbà, ṣe wà títí di òní pẹ̀lú ìlú wọn, oyè wọn àti ahọ́n wọn? Ìdáhùn tí a fẹ́ fi hàn nínú ìwé kékeré yìí ni pé òkè gbà wọ́n, ṣùgbọ́n òkè kò dá a ṣe. Ètò àwọn ìlú kéékèèké, tí ọ̀kan kò lè gbé èkejì mì, ni ó mú kí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbé gbogbo wọn mì lẹ́ẹ̀kan. Ètò kan náà ni ó sì mú kí ó rọrùn láti pín wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Ìgbómìnà jókòó sí ibi tí ọ̀dàn àti igbó gbé pàdé. Ní ìhà àríwá rẹ̀, ilẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí odò Ọya, níbi tí àwọn Tápà ń gbé. Títí di òní, Sàárẹ́ tí í ṣe ìlú Ìgbómìnà àti Tsaragi tí í ṣe ìlú Tápà jẹ́ aládùúgbò. Ní ìwọ̀-oòrùn ni Ìlọrin àti Ọ̀fà wà, ìhà ibẹ̀ ni a sì ń gbà lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé àtijọ́. Ní gúúsù àti ní ìlà-oòrùn ni Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Yàgbà wà. Orúkọ àwọn ìlú kan fi irú ilẹ̀ tí ó jẹ́ hàn wá: Òkè-Onígbìn, Òkè-Òde, Òkè-Ìlá.

Ẹṣin ni ó gbé Ọ̀yọ́ ga, ẹṣin ni ó sì gbé Ìlọrin ga lẹ́yìn rẹ̀. Lórí pápá títẹ́jú, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ tí í dúró de ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́ṣin. Ṣùgbọ́n ní ibi tí àpáta pọ̀ sí, tí igi sì ṣú, ẹṣin kò lè sáré, eṣinṣin tí í mú ẹṣin ṣàìsàn sì ń bẹ nínú igbó ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí ogun Ìlọrin dé Òṣogbo, ní ẹnu igbó, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin náà kò sì lè kọjá lọ sí ìhà gúúsù mọ́. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí rẹ̀ tí àwọn ará Ìgbómìnà fi fẹ́ràn láti tẹ ìlú wọn dó sí ẹ̀bá òkè. A lè ti orí òkè rí ọ̀tá kí ó tó dé, ìlú sì lè sá lọ síbẹ̀ bí agbára ogun bá pọ̀ jù.

Àwọn ènìyàn ti wà ní ilẹ̀ yìí kí àwọn ìjọba tí a ń wí tó na ọwọ́ dé ibẹ̀. Ẹ̀rí èyí wà ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Àrándùn. Níbẹ̀ ni ère òkúta tí ó ju 800 lọ wà, tí a fi òkúta rírọ̀ gbẹ́. Àwọn mìíràn kéré tó bí ẹni pé ọmọdé lè gbé wọn, àwọn mìíràn sì ga ju mítà kan lọ. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, wọ́n di irun wọn ní oríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n kọ ilà, wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn kan mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, àwọn kan mú ọrun àti ọfà, àwọn obìnrin tí ó mú ohun ìjà sì wà láàrin wọn pẹ̀lú. Ìtàn àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn sọ pé ìhà Ọ̀yọ́ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, pé wọ́n bá àwọn ère náà níbẹ̀ ni, àti pé àlejò ni àwọn ère náà jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, tí wọ́n fi di òkúta.

Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, tí í ṣe alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., rí àwọn ère náà, ó sì ròyìn wọn fún ìjọba. Ní ọdún 1945 a kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, òun ni ó sì jẹ́ èkínní irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀mọ̀wé Phillips Stevens kà wọ́n, tí ó tún àwọn tí ó fọ́ tò, tí ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní ọdún 1978. Ohun tí a fẹ́ kí olùkàwé fi ọkàn sí ni èyí: ẹni tí ó lè gbẹ́ ère tí ó pọ̀ tó báyìí, tí ó sì fi ipò olúkúlùkù hàn nípa irun, ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun ìjà rẹ̀, kì í ṣe ìsáǹsá tí ń fara pamọ́ sínú ihò àpáta. Ìlú tí ó ní àwọn ìjòyè, àwọn jagunjagun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti í jáde wá.

Ní ti orúkọ Ìgbómìnà, ìtàn tí a ń pa ní Ìlá ni pé Odùduwà fún ọmọ rẹ̀, Fágbàmílà Ajagúnńlá, tí í ṣe Ọ̀ràngún èkínní, ní ogbó kan láti fi la ọ̀nà. Ogbó náà kò jẹ́ kí ó ṣìnà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wí pé ogbó náà mọ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì di Ìgbómìnà. Ní Ìlá-Yàrá ni àwọn ènìyàn Ọ̀ràngún gbé pẹ́ kí ìjà oyè tó ya àwọn ọmọ ọba méjì, tí ọ̀kan fi lọ tẹ Ìlá dó, tí èkejì sì lọ tẹ Òkè-Ìlá dó. Ọba méjèèjì ni ó ń jẹ́ Ọ̀ràngún títí di òní.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo Ìgbómìnà ni ó wá láti inú ilé Ọ̀ràngún. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí Ọ̀yọ́, àwọn mìíràn ń tọ́ka sí Ifẹ̀ tààrà, àwọn mìíràn sì bá àwọn onílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi di ọ̀kan. Olómù ní Òmù-Àrán, Olúpo ní Àjàṣẹ́, Elésìẹ́ ní Èsìẹ́, olúkúlùkù wọn ní adé tàbí oyè tirẹ̀. Ní Òró, ìlú mẹ́sàn-án ni ó parapọ̀, tí a fi ń pè wọ́n ní Ẹkù-Mẹ́sàn-án Òró. Wọ́n ń jà pọ̀, wọ́n sì ń ṣe ọdún pọ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń ṣe àkóso ilé rẹ̀. Irú ìrẹ́pọ̀ yìí, tí kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú ẹnìkejì, ni agbára Ìgbómìnà. Ẹni tí ó bá ṣẹ́gun ìlú kan kò tíì ṣẹ́gun èyí tí ó wà lẹ́yìn òkè kejì.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ìjọba ńlá náà. Ní àkókò tí ó wà láàrin ọdún 1500 sí 1600, Tápà gbilẹ̀ débi pé wọ́n lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn Aláàfin bíi mélòó kan jọba ní Ìgbòho kí Abípa tó kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Láti ìgbà náà ni Ọ̀yọ́ ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ sùn kò gbọdọ̀ fi ìhà tí ó kọ ojú sí Tápà sílẹ̀ láìṣọ́. Ilẹ̀ Ìgbómìnà sì wà ní ìhà náà. Aribidesi Usman, ọ̀mọ̀wé tí ó ti wa ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ahoro ìlú Ìgbómìnà, rí odi àti yàrà ìlú, ó sì rí àwókù ìkòkò tí ó jọ ti Ọ̀yọ́-Ilé. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 2012 fi hàn pé ibodè ni Ìgbómìnà jẹ́ láàrin àwọn alágbára méjì yìí, àti pé ohun tí àwọn ará ibodè náà ń ṣe a máa yí ìṣe àwọn alágbára náà padà.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, ka Ìgbómìnà títí dé Òró mọ́ Ẹkùn Òsì ti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé okùn tí ó so wọ́n mọ́ Ọ̀yọ́ kò yi. Gbólóhùn kékeré yìí ṣe pàtàkì lójú wa. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọn kò sì di ará Ọ̀yọ́. Bí Ọ̀yọ́ bá le, wọn a forí balẹ̀. Bí ó bá rọ, wọn a gbé orí sókè. Ìfàsẹ́yìn Ọ̀yọ́ sì dé: ní nǹkan bí ọdún 1790, Tápà ṣẹ́gun rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, àwọn Fúlàní tí ó pè láti ràn án lọ́wọ́ pa á ní nǹkan bí ọdún 1824, Abdusalami ọmọ Alimi sì di Ẹ́mírì èkínní. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1835, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá.

Ìgbà tí ó tẹ̀lé e ni ó burú jù fún àwọn ará òkè. Nígbà tí alágbára kan ṣoṣo wà, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Ní báyìí, Ìlọrin ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, Tápà ń bọ̀ láti àríwá, Ìbàdàn sì ń bọ̀ láti gúúsù. Wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n ń jó ìlú, wọ́n sì ń fi ajẹ́lẹ̀ sí èyí tí ó kù. Ìlú mìíràn sanwó fún ẹni méjì láàrin ọdún kan. Ní Ìlọrin, ìlú tàbí àgbègbè kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìjòyè kan tí a ń pè ní Baba Kékeré, tí í ṣe ẹnu fún wọn lọ́dọ̀ Ẹ́mírì. Ẹnu náà sì ní owó tirẹ̀ tí a ń san. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó fi ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà yìí, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ túká, tí wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ìlú mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ìlú Ìgbómìnà kan tí àwọn agboolé rẹ̀ ń pa ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn kan a máa rò pé irọ́ wà níbẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwọn tí ogun fọ́n ká ni ó kó ara wọn jọ.

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Ìmẹ̀sí-Òkè pa Oyèpẹtun, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì sì dìde. Ìgbómìnà bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dara pọ̀ nínú Èkìtì Parapọ̀, wọ́n sì jà nínú ogun Kírìjì lábẹ́ Ògèdèǹgbé ti Iléṣà. Àwọn tí ó ń wí pé ará òkè kò mọ̀ ju kí wọ́n sá pamọ́ lọ, kí wọ́n wo èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn, nítorí Ìlọrin pẹ̀lú wà ní ìhà Èkìtì Parapọ̀ láti bá Ìbàdàn jà. Ìgbómìnà ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá kan kí wọ́n tó lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ní ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun sì tó túká pátápátá. Láàrin àkókò yìí, ní ọdún 1887, Ọ̀fà bọ́ sọ́wọ́ Ìlọrin. Nítorí náà, nígbà tí a bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn, ọwọ́ Ìlọrin ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà.

Ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1897, ẹgbẹ́ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida àti Ìlọrin. Ènìyàn ìbá rò pé ìyọnu àwọn ará òkè parí níbẹ̀. Kíkó ènìyàn lẹ́rú parí lóòótọ́, ọpẹ́ ni fún èyí. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó wá ṣe ohun tí Aláàfin, Etsu, Ẹ́mírì àti Balógun kò ṣe rí: wọ́n fa ìlà sórí ìwé. Láti ọdún 1900 tí a ti dá ìjọba Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀, Ìlá àti àwọn ìlú tí ó yí i ká wà ní ìhà gúúsù, nígbà tí Àrándùn, Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Òró, Àjàṣẹ́ àti Ìgbàjà wà ní ìhà àríwá, nínú agbègbè Ìlọrin. Àwọn tí í ṣe ọmọ ìyá kan náà wá ń san owó-orí sí ibi méjì, wọ́n ń lọ sí kóòtù méjì, òfin ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì yàtọ̀. Ìjọba òyìnbó sì mú àṣẹ Ẹ́mírì lé wọn lórí gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ọba kan rọrùn láti kọ ìwé sí ju ọ̀dọ̀ ogún ọba lọ.

Àwọn ará òkè kò gbà á láìsọ̀rọ̀. Ní ọdún 1936, Ọ̀tùn Èkìtì rí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gbà, a sì gbé e kúrò ní agbègbè Ìlọrin lọ sí agbègbè Oǹdó. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú 1958, Ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ ń bá ìjà ìṣèlú lọ ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ Willink sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ó fẹ́ darapọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìwé ìgbìmọ̀ náà jáde ní ọdún 1958, ìlà náà kò sì yẹ̀. Ní ọdún 1967 a dá ìpínlẹ̀ tí í ṣe Kwara báyìí sílẹ̀, ní ọdún 1991 a dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ ń yí padà, ṣùgbọ́n Ìlá wà ní òdì kejì títí di òní yìí.

Kí ènìyàn má ṣe rò pé Ìgbómìnà nìkan ni irú èyí dé bá. Ní ilẹ̀ Armenia, ní ẹ̀bá òkè Árárátì tí a ń kà nínú Bíbélì, àwọn ará òkè kan gbé láàrin ìjọba Róòmù àti ìjọba Páṣíà. Ọ̀rúndún lẹ́yìn ọ̀rúndún ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún èyí lónìí, tí wọ́n ń forí balẹ̀ fún ìyẹn lọ́la. Ní nǹkan bí ọdún 387, ìjọba méjèèjì jùmọ̀ pín ilẹ̀ náà, Páṣíà gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ní ọdún 428 wọn kò ní ọba mọ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 405, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Mesrop Mashtots ti ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún èdè wọn, wọ́n sì túmọ̀ Bíbélì sí i, wọ́n kọ ìtàn àwọn baba wọn sílẹ̀. Róòmù ti lọ, Páṣíà ìgbà náà ti lọ, Armenia sì wà. Ìwé ni ó so àwọn tí ààlà pín pọ̀.

Àwa Yorùbá ní ìwé pẹ̀lú. Bíbélì Yorùbá parí ní ọdún 1884, ọmọ tí ó wà ní Ìlá àti ọmọ tí ó wà ní Àrándùn ń ka ojú ewé kan náà. Ìbùkún ńlá ni èyí. Síbẹ̀ ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kan tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ. Yorùbá inú ìwé súnmọ́ ti Ọ̀yọ́ ju ti Ìgbómìnà lọ. Ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín pé ará oko ni. Báyìí ni ohun tí ẹṣin Ọ̀yọ́ kò lè ṣe lórí òkè ṣe ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, láìsí ogun, láìsí ìkà nínú ọkàn ẹnikẹ́ni. Bí ahọ́n bá sì lọ, orúkọ òkè, orúkọ odò àti ìtumọ̀ oyè yóò bá a lọ, nítorí inú ahọ́n náà ni a fi wọ́n pamọ́ sí.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ìjọ tí ó mọ ìwé. Ẹ má ṣe dúró de ọ̀mọ̀wé láti òkèèrè. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan mú ìwé àti kálámù, kí ó lọ bá àwọn àgbà ní agboolé kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, ní ohùn Ìgbómìnà tí wọ́n fi sọ ọ́. Bí agboolé mẹ́ta bá sọ ìtàn mẹ́ta, kí ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má ṣe yan èyí tí ó wu ọba. Kí ó bèèrè ibi tí ahoro àtijọ́ wà, ìdí tí a fi kúrò níbẹ̀, ẹni tí í ṣe ajẹ́lẹ̀ nígbà náà, àti òkè tí ìlú sá lọ. Kí àwọn ti Ìlá sì fi tiwọn ránṣẹ́ sí àwọn ti Òmù-Àrán, kí àwọn ti Àrándùn fi tiwọn ránṣẹ́ sí Òkè-Ìlá, nítorí kò sí òfin ìpínlẹ̀ tí ó dí wa lọ́wọ́ láti ka ìtàn ara wa.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn tí ó gbẹ́ ère Èsìẹ́ fi ojú wọn, irun wọn àti ilà wọn sílẹ̀ fún wa nínú òkúta, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ àwọn baba wa tí ó gba òkè là nígbà ogun Ìlọrin àti ogun Ìbàdàn ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí a kọ wọ́n nígbà tí àwọn àgbà náà ṣì wà láàyè.